Sìlífátù Aláṣáárà àti Oògùn Tó Gba Imú

Ní Láfẹ́nwá, lẹ́bàá ojú irin, bí o bá béèrè ẹni tí aṣáárà rẹ̀ kúnná jù lọ, ọ̀dọ̀ Sìlífátù ni wọn yóò júwe fún ọ. Á yan ewé tábà lórí iná, á lọ̀ ọ́ mọ́ kánún lórí ọlọ, á jọ̀ ọ́ nínú asẹ́, á tún fi ìborùn àtijọ́ jọ̀ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ń ṣe é.

"Ìyá, aṣáárà yín yìí lè jí òkú," awakọ̀ kan wí, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ìwọ ló kọ́kọ́ jí nìyẹn."

Bùsírátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ní wárápá. Ọmọ ogún ọdún ni, aránṣọ. Lọ́dún 1983 ó ṣubú lu áyọ́ọ̀nù eléèédú, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì bó. Ìyẹn ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dìran, ẹni tó ń pín oògùn níbẹ̀, ka ọgọ́ta hóró fún wọn.

"Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, Ìyá. Wárápá gbé e o, kò gbé e o, kó gbé oògùn mì. Ẹ má fo ọjọ́ kan."

Fún oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bùsírátù ṣubú. Lẹ́yìn náà ni oògùn wọ́n. Ọgbọ̀n hóró ni Dìran rí fún wọn, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

"Bí mo bá fín aṣáárà, kí n tó sín, ó ti dé orí," Sìlífátù ṣàlàyé. "Ohun tí mo bá gbé mì, ikùn ló ń lọ. Orí ló ń ṣe ọmọ mi. Kí ni ikùn fẹ́ fi oògùn orí ṣe?"

Ó lọ hóró kan, ó jọ̀ ọ́. Nígbà tí Bùsírátù tún ṣubú, tí eyín rẹ̀ pa pọ̀, ó fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fẹ́ ẹ sí i nímú. Kò pẹ́, ọmọ náà lajú.

Aládùúgbò mẹ́ta búra fún èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí pé ìṣojú àwọn ni. Mo gbà pé wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n dókítà tí mo bi léèrè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀pọ̀ wárápá máa ń dá fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, à báà fẹ́ nǹkan sí i nímú, à báà má fẹ́ ẹ. Kò bú obìnrin náà. Ó ní ọ̀nà kan wà láti imú dé ọpọlọ lóòótọ́, àwọn oníwàádìí lókè òkun sì ń wá bí wọn yóò ṣe sọ oògùn di ẹyọ tín-ín-tín tí yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹyọ tí wọ́n ń wí, ojú kò rí i, ọlọ kò sì lè lọ̀ ọ́ débẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún Sìlífátù nígbà náà. Ó kó gbogbo hóró tó kù pamọ́ de ìgbà tí wárápá bá dé.

"Ìyá, wọ́n ní kí n máa gbé e mì lójoojúmọ́," Bùsírátù wí.

"Ṣé Dìran fi imú ṣiṣẹ́ rí ni?"

Lọ́jọ́ kọkànlá tí Bùsírátù kò ti gbé oògùn mì, lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀, wárápá gbé e nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ hóró kan sí i nímú, ó fẹ́ èkejì, ó fẹ́ ẹ̀kẹta. Imú àti ètè ọmọ náà funfun. Wárápá náà dá, kó tó mí kanlẹ̀, òmíràn gbé e. Wọ́n gbé e sẹ́yìn mọ́tò tó ń kó ṣìmẹ́ńtì. Ó kú kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

"Ìyá, ìgbà wo ló gbé oògùn mì kẹ́yìn?" Dìran béèrè.

Sìlífátù tú etí ìró rẹ̀, ó kó hóró tó kù lé e lọ́wọ́.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, mo jókòó tì í nígbà tí obìnrin kan láti Ṣàpọ́n, Tẹjúmádé, kó oògùn wárápá ọmọ rẹ̀ dé.

"Ẹ bá mi lọ̀ ọ́, Ìyá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà rẹ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Fi omi fún un, kó gbé e mì lójoojúmọ́."

"Háà! Ẹ̀yin fi ṣe ti yín tán, ẹ wá fẹ́ fi pamọ́ fún wa?"

"Ọmọ mi kú, ìyàwó. Mo ní ó kú."

Tẹjúmádé pòṣé, ó rò pé àwáwí ni. Ó béèrè lọ́wọ́ oníkánún tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ibi tí aláṣáárà mìíràn wà, ìyẹn sì nawọ́ hàn án. Sìlífátù dìde, ó sáré tẹ̀ lé e, ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn.