Ọjọ́ Tí Àmì Ohùn Pòórá ní Ọjà Igbó

Ọjọ́ tí inú bí mi jù láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọjọ́ tí mo lọ gba ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ Gbádé, atẹ̀wé Ọjà Igbó. Ọjọ́ kejì ni ìdánwò. Ohun tí mo bá lórí ìwé ni: "Salaye iyato to wa laarin oko, oko ati oko."

"Ẹ má bínú, ma," ni Gbádé wí. "Láti ìgbà tí mo ti ṣe àpúdéètì Línúùsì tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí ni àmì ò ti jáde mọ́. Àwọn ọmọ á ṣáà mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ dáhùn rẹ̀ kí n gbọ́."

Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fa àga fún mi.

Ó wo ibi tí wọ́n ti ń yan èdè kíbọ́ọ̀dù. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù. Àpúdéètì ti yọ Yorùbá kúrò láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó dá a padà, ó sì tún ìbéèrè náà tẹ̀: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀.

Mo gba ìwé mi, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀ dòní. Èdè tí gbogbo Ọjà Igbó fi ń nájà ni wọ́n lé jáde nínú kọ̀ǹpútà Ọjà Igbó. Gẹ̀ẹ́sì ò tilẹ̀ sún ìdí.