Lẹ́tà Tí Mo Fi Pa Mọ́ De Ẹ̀rọ

Kì í ṣe pé wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní afọ́jú. Sódà ló fọ́ ọ lójú. Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì, ó ń da sódà sínú ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìjẹmọ̀, omi ìkòkò náà sì ta sí i lójú méjèèjì. Wọ́n fi omi ṣan án, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà sì ṣe èyí tí agbára wọn ká. Ojú ọ̀tún lọ lọ́jọ́ náà. Ti òsì ń ríran fírífírí fún bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà òun náà ṣú. Aṣọ tó ń pa láró lọ́jọ́ yẹn, nítorí owó ẹ̀kọ́ mi ni. Òun ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ìyá wa ló sọ ọ́, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tí mo jáde, mo ríṣẹ́ sí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú. Ó kù díẹ̀ nígbà náà kí àwọn ọdún 1980 parí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ní láárí la ní níbẹ̀, àwọn kan ló fi ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ láti òkè òkun. Ètò tó ń darí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé Unix, ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sídìí ojú ẹ̀rọ mẹ́rin tó dà bí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n sì máa lo ẹ̀rọ kan náà pọ̀. Èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la fi ń tẹ̀. Nísàlẹ̀ páálí tó bá ẹ̀rọ náà wá, mo rí káàdì pẹlẹbẹ kan tí ẹnikẹ́ni ò bìkítà fún. Mo ka ìwé tó bá a wá. Káàdì ohùn ni. Tí wọ́n bá kì í bọnú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n so spíkà mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà á lè kọrin, á sì lè sọ̀rọ̀. Mi ò tíì ka ìwé náà dé ìdajì tí ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo tọ ọ̀gá wa lọ. Ó ní kí n máa dán an wò, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kò bá ti dúró.

Ibi tí wàhálà wà ni pé DOS, tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké ń lò nígbà náà, nìkan ni wọ́n ṣe ètò tó ń darí káàdì náà fún. Unix tiwa kò mọ̀ ọ́n rí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ là ń pè ní dírẹ́bà, òun ló ń dúró láàárín ẹ̀rọ àti káàdì tó ń sọ fún ọ̀kan ohun tí èkejì fẹ́. Tí kò bá sí, káàdì á kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé lókè òkun. Nígbà tó yá, ó fi ogójì ojú ìwé fọ́tòkọ́pì ránṣẹ́, dírẹ́bà tí ẹnìkan kọ fún irú káàdì tó jọ tiwa ló wà níbẹ̀. Ó tún fi díìsì kan sí i, tí ètò kékeré tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè wà nínú rẹ̀. Dírẹ́bà náà ni èmi á fọwọ́ tẹ̀ wọlé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ ló fi ń mọ òkúta yàtọ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó béèrè bóyá kọ̀ǹpútà náà ní táyà ni tó fi nílò dírẹ́bà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rọ náà á máa ka ìwé ìròyìn fún un, á máa ka lẹ́tà, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní ìyẹn á dára.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ló wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ìyẹn sì ti bá ọkọ lọ sí Kánò. Lẹ́tà tí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ dé nígbà tí mi ò sí nílé. Aládùúgbò kan ló bá a kà á, kó sì tó di àsìkò ìrun Aláásárì, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi ojú rẹ̀ rí màbo. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn ka nǹkan fún òun mọ́. Èmi nìkan ló kù.

Lẹ́tà kejì dé nígbà ọyẹ́. Ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí dè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí mo yà kí i, ó nà án sí mi. Ǹ bá ti ya á níbẹ̀ kí n kà á, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n káàdì ló gbà mí lọ́kàn.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dá a dúró díẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò ní pẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́tà yìí ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kà fún yín."

Ó ń yí apòòwé náà lọ́wọ́. Ó béèrè bí díẹ̀ náà ṣe máa pẹ́ tó. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan, tó bá pẹ́ jù, méjì. Ó fi sílẹ̀ fún mi. Mo mú un lọ síbi iṣẹ́, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ mi láìya á.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo tẹ dírẹ́bà náà tán, mo so ó mọ́ ọkàn ètò ẹ̀rọ náà, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Kò jí. Nọ́ńbà kan ni mo fi àṣìṣe tẹ̀ lójú ìwé kọkànlá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì fi wá a. Nígbà tó jí, kò sọ̀rọ̀. Iná tún ń lọ nígbàkúùgbà, tó bá sì ti lọ tó dé, ẹ̀rọ náà á jókòó fún bí ààbọ̀ wákàtí tí á máa yẹ ara rẹ̀ wò kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Èyí tó wá burú jù ni pé ìgbàkígbà tí mo bá ní kí káàdì sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á dákú.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní ṣé ẹ̀rọ náà ti ń sọ̀rọ̀, mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà kejì, ó ní kí n kúkú mú lẹ́tà náà bọ̀ kí n wá kà á. Mo ní kó ṣe sùúrù, ṣé kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe ni. Ìgbà tí mo ti délé tèmi ni mo mọ̀ pé mo fi ìbínú sọ ọ́. Kò béèrè mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìwé èsì kọ̀, kò jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí, ó béèrè ẹni tó fún mi láṣẹ láti ki nǹkan sínú ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́. Mo ní òun náà ni. Ó ní òun rántí, àmọ́ òun ò ní kí n ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ní tó bá di ìparí oṣù tí kò bá tíì yanjú, káàdì náà á jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn ló wá là mí lójú. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà tó fi ń pè é. Nọ́ńbà keje ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, òun náà sì ni káàdì ń lò. Tí ọ̀kan bá pè, èkejì ni wọ́n ń dá lóhùn. Mo yọ káàdì náà, mo rí ike kékeré kan lórí rẹ̀ tó ṣeé ṣí nípò. Mo gbé e kúrò lórí keje sórí ìkarùn-ún. Mo yí i padà nínú dírẹ́bà, mo tún gbogbo rẹ̀ so. Mo tẹ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Spíkà náà kọ́kọ́ hó, ó sì sọ ọ́ jáde ní ohùn ọkùnrin tí imú rẹ̀ dí. Inú mi dùn débi pé mo lọ pe olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá kó wá gbọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí Yídì. Takisí la wọ̀ láti Ìjẹmọ̀, ó sì ń bi mí bóyá ẹ̀rọ náà máa mọ orúkọ òun. Mo fi í jókòó, mo ya apòòwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wọlé.

Ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ pé oyún òun ti pé oṣù méje. Ó ní ìyá ọkọ òun ti sọ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ò ní kan omi ìwẹ̀ ọmọ náà. Kí Màmá òun jọ̀ọ́ wá, bí ò tilẹ̀ ríran, kó ṣáà wá jókòó ti òun. Tí kò bá sì lè wá, kó fèsì, kí òun lè mọ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé náà. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tẹ́tí sí bí ìka mi ṣe ń lù ú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò dáwọ́ dúró. Mo ṣì ń rò ó nínú mi pé kí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní kó máa kà.

Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ó ń fa ọ̀rọ̀ gbọọrọ, ó ń já a níbi tí kò yẹ, ó ń fi imú gbé e. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí.

"Àbúrò mi, kí ló ń sọ?"

Mo ní Yorùbá ni.

"Ìwọ kà á fún mi."

Mo kà á.  Ó béèrè ọjọ́ tí ọmọ náà kọ ọ́. Mo sọ fún un. Ó béèrè ọjọ́ tí òun fún mi. 

"Ẹnu rẹ ni mo ní kí o fi kà á," ó ní. "Mi ò bẹ ẹ̀rọ níṣẹ́."

Mo mú un padà délé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọ èsì sí Kánò. A ò rí èsì gbà. Mo kọ òmíràn, bákan náà ni. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ọmọkùnrin jòjòló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi lómi, ṣùgbọ́n kò jókòó. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, káàdì, dírẹ́bà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀gá mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe rí létí ẹlòmíràn. Ó gbọ́ mi tán.

"Ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí," ó ní. "Àwọn ará ilé ń sọ pé ìyá mi ti kọ̀ mí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tẹ́ ẹ wá ń kọ lẹ́yìn náà, mi ò ya wọ́n."

Ó wọ yàrá lọ, ó kó méjèèjì jáde, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́ bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n.

Kí n tó dé, ọ̀gá wa ti ní kí wọ́n yọ káàdì náà, wọ́n sì ti nu dírẹ́bà náà kúrò. Ó ní kò sí ohun tó wúlò fún. Mi ò jà á níyàn.

Ọdún bíi méjì lẹ́yìn náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ kó padà wá, wọ́n tẹ̀dó sí Owódé, wọ́n ń dá oko ẹ̀gẹ́. Nígbà Iléyá ni wọ́n wá mú ìyá wọn lọ sọ́dọ̀. Ìjà àárín ìyá àti ọmọ ti parí. Wọ́n sunkún, wọ́n sì jókòó pọ̀. Tèmi ni ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà rí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ìyá wa, ó ní kò sí nǹkan kan, irú "kò sí nǹkan kan" tí ènìyàn máa ń sọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo máa ń lọ kí i ní Owódé. Tí mo bá dé, á béèrè ìyàwó mi àti àwọn ọmọ, á ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Tí mo bá jókòó pẹ́, á ní kí ilẹ̀ má lọ ṣú mi sọ́nà. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, òun àti ọmọ rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ibòòji, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbóhùn mi. Mo bá wọn bó díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ dúró de bọ́ọ̀sì.