Kánsẹ́lọ̀ Tó Ní Òun Ti Gbọ́

Ọdún tí mo jáde yunifásítì tí mi ò ríṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Rafael ṣe ìpolongo ìbò kánsẹ́lọ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń béèrè ìdí tí ojú mi fi ń yí padà bí mo bá gbọ́ orúkọ Rafael, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kì í ṣe ìbínú nìkan. Ìtìjú wà níbẹ̀, àárẹ̀ náà wà níbẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọmọ Kúbà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù. (“Wọn” ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é mọ́.) Ó ní ìyá ìyá òun máa ń fi èdè tó jọ Yorùbá kọrin, pé ọ̀dọ̀ ẹbí lòun dé yìí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò; ìbò ni tirẹ̀ yọ lápò wa.

Ó wá tọrọ ìbò ní gbọ̀ngàn ẹ̀sítéètì wa. Alhaja Rísì dìde. Ilé wọn kọjú sí tiwa, kánsù tó ni àwọn ilé náà sì ti ní àwọn máa wó tiwọn kọ́ tuntun, pé tiwa ló kàn.

“Rafael, ọmọ mi, bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ṣé a máa padà síbẹ̀? Ibí ni mọ́sálááṣí mi wà. Mi ò fẹ́ lọ kú síbi tẹ́nì kankan ò ti mọ̀ mí. Bá wa rí sí i.”

Rafael fọwọ́ lé àyà, ó fi Yorùbá tí a kọ́ ọ dáhùn: “Mo ti gbọ́, mà.”

Gbọ̀ngàn hó yèè. Bí àgbà bá bẹni níṣẹ́, tí èèyàn dáhùn báyẹn, ó ti gbà láti ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan. Èmi ń sunkún ayọ̀, mo rò pé mo ti rí ohun tí mo kàwé fún.

Ó wọlé ìbò. Kò lo sáà rẹ̀ tán tó fi kúrò ní kánsù, ó lọ sílé iṣẹ́ tó ń bá àwọn akọ́lé bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí àṣẹ lè tètè jáde. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ fọwọ́ sí wíwó ilé náà, a gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn dúró sẹ́nu ọ̀nà kánsù nínú òjò. Àfi bí Rafael ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn akọ́lé.

Alhaja dá a dúró. “Rafael! Ṣebí o ní o ti gbọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì pé òun gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ò sọ pé òun gbà.

“Ẹ gbà mí! Ta ló bi ọ́ pé ṣé adití ni ọ́?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí, torí fún ìṣẹ́jú kan ó ṣe mí bíi pé a ti borí.

A rí nǹkan gbà: wọ́n gbà láti fi díẹ̀ nínú àwọn ilé tuntun náà sílẹ̀ fún ayálégbé kánsù. Wọn ò sọ ayálégbé wo. Thamesmead tó jìnnà réré ni wọ́n kó Alhaja lọ, bọ́ọ̀sì lórí bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ wá kírun Jímọ̀ ní mọ́sálááṣí wọn ní Old Kent Road níbí. Rafael ti di ọ̀gá ní báńkì tó ń yá àwọn akọ́lé lówó. Àwọn tó ṣèlérí fún ti fọ́n ká, oníkálukú ti gbé ìbò rẹ̀ lọ síbi tí kò ti lè fi bá ẹnikẹ́ni níbí wí. Èyí ló ń bí mi nínú jù.

Ìbò tún ń bọ̀. Alhaja pè mí lórí fóònù.

“Ta lẹ̀yin tó kù fẹ́ dìbò fún níbẹ̀?”

“Mi ò tíì mọ̀, mà. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Ìwọ tí ilé ẹ ṣì dúró!”