Òróró Ẹ̀ẹ̀mejì

Baba mi ló gbin oko kajú wa ní Mànìgìrì kí wọ́n tó bí mi. Àgbà ti dé sí i báyìí, èmi ni mo ń tọ́jú oko náà. Bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ kan ló ṣáájú gbogbo iṣẹ́: kí n gé koríko yí oko ká títí ilẹ̀ yóò fi hàn, kí iná ìgbẹ́ má bàa rí nǹkan jẹ wọlé. Ẹni tó bá fi í falẹ̀, eérú ni yóò kó dípò kajú.

Ẹ̀rọ ìgékoríko kékeré tí à ń gbé kọ́ èjìká ni mo fi ń ṣe é. Kò ní ibi òróró tirẹ̀, inú bẹntiróòlù rẹ̀ la ti ń po díẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́dún tó kọjá, mi ò tíì gé ju ìdajì lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín bí ààrò tí igi rẹ̀ tutù. Ó wúkọ́, ó kú. Mo fà á títí apá fi ń ro mí. Bẹ́ẹ̀, iná ti ń jó lápá Pénéssoulou.

Mo gbé e lọ sí Bassila. Mẹkáníìkì ibẹ̀ fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó mi orí.

"Madámù, mọtẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yín yìí ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn."

Kò tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Inú bí mi débi pé mi ò lè dágbére fún un.

Ìbínú yẹn náà ni mo gbé lọ bá ìyá tó ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà òjò. Mo ní ayédèrú ló ń tà fún mi. Mo pariwo, àwọn èèyàn dúró wò wá. Ìyá náà jẹ́ kí n sọ tán.

"Ọmọ mi, inú ìgò wo ni mo máa ń bù fún ọ?"

Mo nawọ́ sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

"Mẹlánjì nìyẹn. Mo ti po òróró mọ́ ọn. Bí mo ti rí bidóònù kékeré tí o fi ń gba epo lọ́wọ́ rẹ, mo mọ̀ pé ti ẹ̀rọ ni. Mo ní kí n bá ọ dín iṣẹ́ kù."

Oore ló ń ṣe fún mi! Èmi ni mo ń délé tí mo tún ń da òróró sí i, tí mo tiẹ̀ ń fi èènì sí i, nítorí baba mi gbà pé òróró kì í pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo wá mọ ohun tí mo ń wá. Mo tú bují tó ń ṣáná fún ẹ̀rọ jáde: ó dúdú, òróró bò ó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ jí, ó wúkọ́, ó tún kú.

"Fi í sílẹ̀," ni baba mi wí látorí àga rẹ̀. "Jẹ́ ká wá àwọn aládàá."

Mo tú ibi tí èéfín ń gbà jáde. Asẹ́ wáyà kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ̀dú ti dí i pátápátá. Ẹ̀rọ náà kò ríbi mí! Mo fi ẹ̀mú gbé asẹ́ náà sórí ẹyin iná tí mo fẹ́ fi se iṣu. Nígbà tó pọ́n, mo gbọ̀n ọ́n, gbogbo ihò rẹ̀ là.

Mo rọ mẹlánjì nìkan sí i. Nígbà tí mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó bú ramúramù. Èmi náà ké pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé ìyókù. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo parí ni iná dé. Ó ga jù mí lọ, àwọn àwòdì ń fò lókè rẹ̀, wọ́n ń ṣọdẹ tata. Mo dúró láàárín igi kajú, mo mú ẹ̀ka tútù dání. Iná dé ibi tí mo gé, ó wá koríko, kò rí. Ó rọlẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ. Ewé kajú kan kò jó.

Mo pe baba mi lórí fóònù. Ẹkún kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ó dúró, Baba. Iná dúró!"

Mo ń gbọ́ ọ tó ń kígbe sí ẹni yòówù tó ń kọjá lójúde: "Ọmọ mi dá iná dúró! Ọmọbìnrin mi ló dá iná dúró!"