Bí Mo Ṣe Kí Alhaja Kú Iṣẹ́ Nígbà Tí Orúkọ Aláìsàn Ń Bàjẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Títí di ìsinsìnyí, bí fóònù mi bá dún, ọkàn mi á sọ kúlú!

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọsibítù àdáni kan ní Ọ̀fà níbí. Wọ́n ra tuntun sí yàrá fáìlì. Mo so ó mọ́ ibi tí à ń kó orúkọ gbogbo aláìsàn pa mọ́ sí, mo sì gba ọ̀nà Ìlemọ̀nà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Mi ò tíì jókòó tí Alhaja fi pè mí. Àwọn ló ń bójú tó fáìlì, ẹgbẹ́ ìyá mi sì ni wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rọ tuntun náà ń fi àmì ìbéèrè rọ́pò lẹ́tà nínú orúkọ àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ti ń tún wọn tẹ̀, àwọn sì ń séèfù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yéè! Ẹ jẹ́ kó yé yín: ibi ìpamọ́ mọ lẹ́tà Yorùbá dáadáa, ẹ̀rọ tuntun yẹn ni kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, àmì ìbéèrè ló máa dà, ojúlówó tó wà nípamọ́ á sì pa rẹ́. Àtúnṣe Alhaja gan-an ló ń bà á jẹ́!

Ṣé kí n wá pariwo mọ́ ẹgbẹ́ ìyá mi pé kí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò? Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mò ń bọ̀." Ẹ ò rí nǹkan! Ìyẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n tún fi ṣara gírí.

Mo fò sórí ọ̀kadà. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń gbàdúrà.

Nígbà tí mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì ti gbé abẹ́rẹ́ dání, ara ọmọ kan sì ń gbóná janjan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Oògùn kan wà tí ara ọmọ náà kì í gbà. Ìyá rẹ̀ ò mú káàdì wá, ìdààmú ò sì jẹ́ kó rántí orúkọ oògùn náà. Wọ́n tẹ orúkọ ọmọ náà, Ọpẹ́yẹmí, sórí kọ̀ǹpútà títí, wọn ò rí i. "?p??y?m?" ló kún ibẹ̀, orúkọ bàbá wọn náà sì ti di àmì ìbéèrè. Èwo ni ti ọmọ yìí?

Mo yí ètò ẹ̀rọ náà sí UTF-8, ìyẹn ètò tó mọ lẹ́tà wa. Àwọn orúkọ tí Alhaja ò tíì fọwọ́ kàn padà bọ̀ sípò. Ti ọmọ yìí ńkọ́? Wọ́n ti tún un ṣe!

Ẹ̀dà tí mo ṣe sórí fíláàṣì kí n tó so ẹ̀rọ náà nìkan ló kù. Bí ìyẹn náà ò bá ṣí ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo tẹ̀ ẹ́... Ọpẹ́yẹmí yọ, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti oògùn tí kò gbọdọ̀ gbà.

Nọ́ọ̀sì kà á, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Oògùn náà gan-an ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn! Kíá ló gbé e sílẹ̀, ó lọ mú oògùn mìíràn.

Nígbà tí ara gbogbo wa rọlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja, mo ṣàlàyé. Wọ́n béèrè ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ lórí fóònù. Mo ní mi ò fẹ́ rí wọn fín.

Wọ́n ní: "Bí ejò bá ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ṣé wàá kọ́kọ́ kí mi kú ìjókòó ni?"

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé o: ẹ bọ̀wọ̀ fágbà, ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà pa mọ́! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìgbà wo ni ìtìjú àgbà ti dí yín lẹ́nu rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.