Omi Ẹ̀rọ Bàbá Wẹ́dà

Iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ ni Bàbá Wẹ́dà fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà tó fi ń gba ayálégbé. Kì í pe oníṣẹ́ ọwọ́ wá sílé. Ó gbà pé kò sóhun tí ọwọ́ òun ò ká. Òun fúnra rẹ̀ ló so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ náà wá ń kán sórí àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà, tójú sì ń tì í, ó lu ògiri, ó ki rọ́bà tí omi náà ń gbà jáde bọ inú ihò búlọ́ọ̀kù, ó fi sìmẹ́ǹtì dí i. Àlejò ò rí omi mọ́. Bàbá sì gbàgbé pé omi kì í parẹ́.

Aránṣọ kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbé lẹ́yìn ògiri yẹn. Kò pẹ́ tí ògiri wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Nǹkan dúdú yọ nísàlẹ̀, ó ń gun òkè bọ̀. Aṣọ oníbàárà ń rùn, ọmọ ń wúkọ́. Aránṣọ lọ kúnlẹ̀ bẹ bàbá pé kó bá òun wá nǹkan ṣe sí i, torí onílé ló ni ògiri. Bàbá ní onílé ló ni ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayálégbé ló ni ìdọ̀tí. Ó dúró láàárín àgbàlá, lójú gbogbo ará ilé, ó ní ilé òun ò bu rí títí ọ̀bùn fi wọ̀ ọ́, pé bí ògiri náà ò bá mọ́ kí oṣù tó parí, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà làwọn ọmọ àgbàlá ò ti bá ọmọ aránṣọ ṣeré mọ́.

Àfi bí ẹ̀rọ bàbá ṣe kọṣẹ́. Ó tú u, ó tò ó, kò gbọ́. Ó ń làágùn bí ẹni ń gúnyán, síbẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n rí alátùn-únṣe lẹ́nu ọ̀nà òun. Nígbà tí oṣù parí, tó wọ yàrá aránṣọ wò, ògiri ti gbẹ.

“Ẹ ṣé, Bàbá,” ni aránṣọ wí. “Ìbáwí yín ló là wá lójú. Tàárọ̀ talẹ́ la fi ń fọ̀ ọ́.”

Inú bàbá dùn, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ooru ló padà borí ìgbéraga rẹ̀, ó pe alátùn-únṣe. Ẹ̀rọ ń fẹ́, bàbá ń gbádùn. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ha ògiri láìsinmi lẹ́yìn ibùsùn rẹ̀. Ó gbójú sókè wo rọ́bà tó wọ inú ògiri lọ. Ọ̀rọ̀ náà yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa ẹ̀rọ, ó fa rọ́bà yọ ní bòókẹ́lẹ́, ó sì ń gbàdúrà kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ojú ń tì í gan-an, ṣùgbọ́n kò tíì tì í tó.

Ọjọ́ kejì ni aránṣọ mú kọ́kọ́rọ́ wá bá a ní àgbàlá.

“Bàbá, ó tún ti yọ. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè fọ̀ mọ́. A ti dẹrù.”

Bàbá wo kọ́kọ́rọ́ náà, kò lè gbà á. Ó pe gbogbo ará ilé síta.

“Omi ẹ̀rọ mi ni mo fọwọ́ ara mi dà sínú ògiri obìnrin yìí,” ló wí. “Kì í ṣe ọ̀bùn. Èmi ni mo ba ilé jẹ́, èmi náà ni mo tún bú obìnrin yìí.”

Bàbá bẹ aránṣọ kó má lọ, pé òun á fọ́ ògiri náà, òun á tún un mọ. Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

“Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ ọ́ fún ọmọ mi. Òun gbà pé òótọ́ ni, pé ọ̀bùn ni wá.”

Ọmọ náà jókòó lórí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Bàbá lọ bá a. Kó tó la ẹnu, ọmọ náà ti dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, kí bàbá lè rí i pé wọ́n mọ́.