Bí Mo Ṣe Ń Pariwo fún Ẹṣin ní Mọ́níyà

Búrẹ́dì ni mò ń tà ní Ìwó Road, ohùn mi sì ga. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, olórí akọrin ti bẹ̀ mí pé kí n máa fi ọkàn kọrin, Ọlọ́run á gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà mi kan ní òun fẹ́ gba ohùn mi síṣẹ́, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Ẹ má bínú, Ìyá Oníbúrẹ́dì," ó ní. "Ẹṣin tó ń sá eré ìje ni mò ń tọ́ ní Mọ́níyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àmọ́ bí èrò bá ti hó yèè báyìí, ẹ̀rù á bà á, á sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, àárín àwọn tó wá wòran ló sá wọ̀, ó wó àtíbàbà tí màmá tó ni ẹṣin wà lábẹ́ rẹ̀ lulẹ̀. Mo fẹ́ kí ariwo mọ́ ọn lára."

Sábó ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tèmi tí òbí mi wá láti Ṣakí lọ. Mo gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó di okùn ẹṣin mú, ó ní kí n pariwo. Mo ní kí ni kí n sọ? Ó ní ohunkóhun. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni, "Búrẹ́dì gbígbóná rè é o!" Ẹṣin fò sókè, ó ta korobá omi nù, ó sì wọ́ ọ̀gá rẹ̀ gba inú ẹrẹ̀ kọjá.

"Ẹ ṣeun," ọkùnrin náà dáhùn látinú ẹrẹ̀. "Lọ́la, ẹ jìnnà díẹ̀ sí i."

Bí mo ṣe lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò lókèèrè nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni mò ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, tí ọkùnrin náà ń fọwọ́ pa á lọ́rùn, tó ń fún un ní koríko tútù. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá àgbà kan ládùúgbò wá bá wa, ife tíì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì yìí," wọ́n ní, "ọjọ́ kẹrin rè é tí mo ti ń po tíì dè yín. Búrẹ́dì ọ̀hún dà?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ karùn-ún ni mo ti ń gbé búrẹ́dì dání.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo lè dúró létí ẹṣin náà kí n ké, kí ọ̀gá rẹ̀ máa lu bàsíà, kí ẹṣin sì máa tòògbé. Ọkọ mi tó ti ń bá ohùn yìí gbé láti ogún ọdún kò tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ ìdíje pé. Màmá tó ni ẹṣin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Bódìjà, wọ́n sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ẹṣin mẹ́fà ló tò. Èrò hó. Márùn-ún ń ta kìtì, tiwa dúró jẹ́ẹ́. Inú mi dùn. Àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ fi fìlà bojú.

"Ẹ bá mi wò ó. Ṣé wọ́n ti ju àsíá?"

"Wọ́n ti jù ú."

"Ṣé ó ń sáré?"

"Ó dúró."

"Àwọn yòókù náà ń kọ́?"

"Àwọn yẹn ti lọ."

Ẹṣin wa ń wo èrò bí ẹni tó wá kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó gùn ún fẹsẹ̀ gbá a nígbà méjì kó tó rántí ohun tó bá wá. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀! Ó lé wọn títí, ó kọjá méjì, ó sì ṣe ipò kẹrin.

Mo rò pé màmá máa bínú ni. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Kò yà rárá!" wọ́n ní. "Mo jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò sá!" Ọ̀gá ẹṣin bú sẹ́kún, èmi náà bá a sun díẹ̀.

A fa ẹṣin padà sílé lẹ́bàá títì. Mọ́tò ń fun fèrè lẹ́yìn wa, kò tilẹ̀ mi etí. Ó gba àárín ọ̀nà, àwọn awakọ̀ ń bú wa títí a fi dé Mọ́níyà. Ọ̀gá rẹ̀ dorí kodò. Èmi ni mò ń dá wọn lóhùn.